Ẹja Àrọ̀ àti Ẹ̀fọ́ Nínú Ìdì Kan: Oúnjẹ Alẹ́ fún Ilé, Ọjà fún Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́, owó yíyá àti ìpàdé ọdọọdún ni ẹ sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìdáná ni a fẹ́ kí ẹ bá wa yà sí. Kì í ṣe pé a fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀. Owó náà ni a ń tọ̀ lẹ́yìn dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Òkè-Oyi àti ní àwọn abúlé tó yí Ìlọrin ká. Ẹni tó bá yáwó gbẹ́ kòtò ẹja, tàbí tó yáwó ra táńkì, mọ̀ pé oúnjẹ ẹja ló ń gbé owó lọ jù. Láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, bí omi bá dára tí oúnjẹ kò sì wọ́n wọn, ẹja a tó kílò kan tàbí kó sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo òwúrọ̀ tí ẹja bá fi wà nínú omi, owó ni ó ń jẹ. Alájàpá tó ń bọ̀ láti ìgboro mọ èyí dáadáa. Ó mọ̀ pé ẹ kò lè ní kí ẹja dúró kó má jẹun mọ́, nítorí náà òun ni ó máa ń dá iye lé ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá wá jọ kó ẹja jáde ní àsìkò kan náà, bí ìparí ọdún, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ di ẹ̀bẹ̀. Ohun tó sì ń ya àwa lẹ́nu jù ni pé ilé tí ẹja ń ta pùtù nínú táńkì rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rán ọmọ lọ ra òkú Èkó, ẹja inú yìnyín, fún ọbẹ̀ alẹ́.

Ní ìgboro, àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i tipẹ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́íntì-ándì-kíìlì. Oníbàárà á dúró lórí agbada omi, á na ìka sí ẹja tó wù ú, wọn á pa á lójú rẹ̀, wọn á fi ata àti èròjà pa á lára, wọn á yan án lórí èédú, wọn á sì gbé e wá fún un nínú fọ́ìlì tòun ti àlùbọ́sà àti ata. Iye tí ó ń san lórí ẹja kan yẹn àti iye tí ẹni tó sin ín gbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ bá iṣẹ́ náà da nǹkan pọ̀ nítorí pé ilé ọtí ni a ti mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹja kò mutí. Ẹja, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ló wà nínú fọ́ìlì yẹn, kò sì sí ilé Mùsùlùmí tàbí ti onígbàgbọ́ tí kò lè jẹ ẹ́.

Àṣà àtijọ́ ni

Dídì oúnjẹ kí a tó gbé e kaná kì í ṣe nǹkan àjèjì fún wa. Àwọn ìyá wa ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, wọ́n ti ń pọ́n ẹ̀kọ, kí ẹnikẹ́ni tó mú fọ́ìlì wọ ìlú yìí. Ẹni tó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje rí mọ̀ pé ẹja wà lára àwọn ẹ̀mí méje náà, àti pé bí a bá tú ewé, adùn ẹja a ti wọ inú ẹ̀wà lọ pátápátá. Ewé eéran ni ọba nínú àwọn ewé tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Igbó tútù ìhà gúúsù ni ó ti ń hù dáadáa, nítorí náà ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí tiwa yìí, ọjà ni a ti ń rà á, ní ìdì tí wọ́n dì gòkè wá. (Èso rẹ̀ pupa, nǹkan kan sì wà nínú rẹ̀ tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbàá. Àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ di ọjà tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, àwa sì ń fi ewé rẹ̀ pọ́n ẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Àwọn tó wá mú ẹja inú ìdì ní ọ̀kúnkúndùn ju tiwa lọ ni àwọn ará erékùṣù Kàríbíà, pàápàá àwọn ará Jàmáíkà. Wọn a la ikùn ẹja, wọn a kó ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní kalalúù sí i nínú, pẹ̀lú ilá, àlùbọ́sà eléwé, táìmù àti ata, wọn a dì í sínú fọ́ìlì, wọn a gbé e sórí èédú. Kalalúù Jàmáíkà yìí kì í ṣe nǹkan mìíràn, ìran tẹ̀tẹ̀ wa ni. Ata wọn, tí òyìnbó fi orúkọ fìlà àwọn ará Scotland pè nítorí ìrísí rẹ̀, ata rodo ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilá ti bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé ọ̀hún. Ata ní tirẹ̀, apá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ti wá sọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn ọdún 1492 tí ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìkòkò wọn kò lè pé láìsí tiwa, tiwa náà kò lè ta lẹ́nu láìsí tiwọn.

Àwọn ènìyàn wa gan-an sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní 1838, wọ́n tún kó àwọn ọmọ Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, lọ ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà àti Trinidad láti 1841. Títí di òní, abúlé kan wà ní ẹkùn Westmoreland ní Jàmáíkà tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní abará, àwọn obìnrin tó ń ta àkàrà ló sì ń tà á pọ̀ mọ́ àkàrà wọn. Nítorí náà, bí a bá ní kí ẹ se ẹja bí àwọn ará Jàmáíkà ti ń sè é, ohun ilé ni a ní kí ẹ lọ mú padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìdì

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí oúnjẹ yìí fi ń dùn láìsí epo púpọ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí kò ní ṣìṣe. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran ẹja, ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ti ẹ̀fọ́ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ooru bá kan ìdì, omi yìí a di oru, oru kò ní rí ọ̀nà jáde, á máa yí kiri inú ibẹ̀, á sì máa se gbogbo ohun tó bá kàn. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú ìdì, inú rẹ̀ kò ní gbóná ju omi híhó lọ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yín-iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè gbóná ju omi híhó lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹja inú ìdì fi ń jinná kí ó tó jó. Ẹja tí a yan ní ìhòòhò ní tirẹ̀, awọ rẹ̀ ń jó, ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú iná, èéfín rẹ̀ sì ń padà wá bá ẹja àti ojú ẹni tó ń yan án. Nínú ìdì, ọ̀rá yẹn kò lọ síbì kan. Òun àti omi ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń para pọ̀ di ọbẹ̀. Ẹja àrọ̀ sì lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò òróró rárá. Ẹja epìyà kò lọ́ràá tó o, ẹni tó bá fi í ṣe é lè ta ṣíbí òróró kékeré kan sí i.

Iná tí ó ń jẹ náà kéré. Ẹ̀fọ́, ata àti ẹja ń jinná lẹ́ẹ̀kan náà lórí ààrò kan, kò sí pé a ń din ata lọ́tọ̀, a ń bọ ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, a ń din ẹja lọ́tọ̀. Ẹni tó ń ra gáàsì tàbí èédú lóde òní yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Bí a ti ń ṣe é

Ẹja àrọ̀ kan tó kílò kan tó ènìyàn mẹ́fà bí a bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó nípọn ìka méjì. Ẹja àrọ̀ a máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ bu iyọ̀ àti omi tó gbóná díẹ̀ sí i lára, kì í ṣe omi híhó, ẹ fi ọwọ́ pa á dáadáa, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn ń fi eérú ṣe é, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ìfun rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún òróòro, nítorí bí ó bá bẹ́ sínú ẹja, kò sí ata tí yóò bo ìkorò rẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí ẹja tí ẹ ti gé, ṣùgbọ́n kí ó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí ó bá pẹ́ jù nínú omi ọsàn, ẹran ẹja a le, á sì gbẹ lẹ́nu.

Ní ti èròjà, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá kan, aáyù ìpín mẹ́ta, atalẹ̀ tó tó orí àtàǹpàkò, àti táìmù díẹ̀ ni a ń lò. Ẹni tí kò bá ní táìmù, kí ó gé ewé efinrin mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i. Ní tiwa, a fẹ́ràn ti efinrin jù. Ẹ gún gbogbo rẹ̀ nínú odó tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Ẹ má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi, nítorí omi tí ẹ bá bù sí i níbẹ̀ ni yóò kún inú ìdì tí yóò sọ ẹja yín di ẹja bíbọ̀. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ lọ fún gbogbo ẹja náà. Bí ẹ bá fẹ́ fi mágì sí i, ẹ dín iyọ̀ kù sí ìdajì, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágì náà. Ẹ fi èròjà yìí pa ẹja lára, kí ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣètò ẹ̀fọ́.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ìdì kan tó, tàbí ṣọkọ. Ẹ já a, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi gbígbóná lé e kí ó rọ̀, kí ẹ sì fún un gbẹ. Ilá mẹ́fà, kí ẹ gé e ní gígùn sí méjì méjì, kí ó má fà jù. Tòmátì méjì àti tàtàṣé kan, kí ẹ rẹ́ wọn. Kárọ́ọ̀tì pẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹja lọ láti jinná, nítorí náà kí ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé. Ẹni tó bá fẹ́ kó iṣu tàbí ànàmọ́ pọ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ dé ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹja yóò ti fọ́ nígbà tí iṣu ṣì ń hó. Àwa ará Òkè-Oyi kò ní ìdí láti sọ pé ẹ̀fọ́ kò sí ní ìgbà ẹ̀rùn, torí ilẹ̀ oko ìbomirin tó wà níbí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ bí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ láàárín ọyẹ́.

Ẹ gé fọ́ìlì tó gùn tó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì bí ó bá fẹ́lẹ́. Ẹ̀fọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, kí ẹja wà lórí rẹ̀, kí àlùbọ́sà tí a rẹ́, ilá, tòmátì àti kárọ́ọ̀tì wà lókè. Ẹ fa etí fọ́ìlì méjèèjì pọ̀, kí ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ká orí àti ìdí rẹ̀ bákan náà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí oru yóò wú u. Àwọn kan máa ń bèèrè ojú fọ́ìlì tó yẹ kó wà níta, èyí tó ń dán ni tàbí èyí tí kò dán. Kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ilé iṣẹ́, méjì ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ níkẹyìn. Ojú tó kan irin ìtẹ̀ ló ń dán, ojú tó kan ìkejì rẹ̀ ni kò dán.

Kí ẹ jẹ́ kí èédú jó títí tí eérú funfun yóò fi bò ó, tí kò ní ọwọ́ iná mọ́, kí ẹ tó gbé ìdì lé e lórí irin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìhà kan, kí ẹ yí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìhà kejì. Odindi ẹja tó kílò kan lè gbà tó ogójì ìṣẹ́jú sí márùndínláàádọ́ta. Bí ó bá jẹ́ inú ìkòkò ni ẹ fẹ́ ti sè é, ẹ ṣe é bí ẹ ti ń ṣe mọ́ínmọ́ín: omi díẹ̀ nísàlẹ̀, pákó ewé lórí omi, ìdì lórí pákó, ọmọrí lórí rẹ̀, fún bí ìdajì wákàtí tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ tú ọ̀kan wò. Bí ẹran ẹja bá ti funfun, tó ń ṣí kúrò lára egungun bí ẹ bá fi ṣíbí kàn án, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, ó ti jinná. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ àti ojú yín nígbà tí ẹ bá ń tú u, oru náà gbóná púpọ̀.

Ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí iṣu sísè ló yẹ ẹ́. Àwọn ará Jàmáíkà ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n ń pè ní bámì, jẹ ẹ́. Ohun kan tó tún dára nínú ìdì ni pé tẹnìkọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí pé ọmọ kan ń wo ìwọ̀n ẹja ọmọ kejì. Ti orí ẹja, a kò lè dá sí i. Baálé àti ìyáálé ni yóò yanjú ìyẹn.

Ewé, fọ́ìlì àti náílọ́ọ̀nù

Bí ẹ bá rí ewé, ewé ni kí ẹ lò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yọ igi àárín rẹ̀, kí ẹ fi ewé náà ra iná títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa dán, kò ní ya mọ́ bí ẹ bá ń ká a. Ewé eéran kò nílò ìyẹn, ẹ kàn nù ún mọ́, kí ẹ to méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn ní ìbú àti ní òró. Lórí ẹ̀yín-iná, ewé òde yóò jó, ṣùgbọ́n ti inú yóò dúró, yóò sì fún ẹja ní òórùn kan tí fọ́ìlì kò ní.

Kí ni a wá ń fi fọ́ìlì ṣe? Ó lágbára, kì í jò, ó sì ń pa omi ọbẹ̀ mọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó ń tà á nílò èyí. Ṣùgbọ́n irin ni, irin tó fẹ́lẹ́. Bí ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátì àti iyọ̀ bá pẹ́ lára rẹ̀, wọn a máa jẹ ẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa wọ inú oúnjẹ. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ sọ ní 2011 pé kí ohun tó ń wọ ara ènìyàn nínú alumíníọ́mù má ju mílígíráàmù 2 lọ́sẹ̀ kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n. Ìyẹn túmọ̀ sí mílígíráàmù 120 fún ẹni tó wọn kílò 60. Ẹja tó jinná láàárín ìdajì wákàtí kò ní kí ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹ fi ẹja olómi ọsàn sun mọ́jú nínú fọ́ìlì, tàbí kí ẹ tò ó pamọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Ọ̀nà tó dára jù lójú tiwa ni kí ẹ tẹ́ ewé sínú fọ́ìlì kí ẹ tó kó ẹja sí i. Ewé á wà nínú, fọ́ìlì á wà níta. Ẹja kò kan irin, omi ọbẹ̀ kò sì jò.

Náílọ́ọ̀nù kọ́ o! A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fi í pọ́n mọ́ínmọ́ín nítorí pé ewé wọ́n. Náílọ́ọ̀nù tí a fi ń kó ọjà ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní ìwọ̀n ooru tí kò ju ti omi híhó lọ púpọ̀, bí ó bá sì kan ara ìkòkò gbígbóná tàbí irin, ó di pé a ń jẹ ẹ́. Ti dúdú ló burú jù, nítorí àlòkù oríṣiríṣi ni wọ́n yọ́ pọ̀ fi ṣe é, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti iyọ̀, ìdí kan wà tí a fi tẹnu mọ́ ṣíbí kan. Àjọ WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, tó jẹ́ ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, nínú gbogbo oúnjẹ tó bá jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa, owó tí wọ́n sì fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń ná lórí oògùn rẹ̀. Oru inú ìdì ń jẹ́ kí ata, efinrin àti aáyù wọ ẹja lára, iyọ̀ díẹ̀ á sì tó.

Bí ẹgbẹ́ ṣe lè mú un ṣọjà

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ gbogbo ẹja rẹ̀ di ẹja ìdì. Alájàpá ṣì wúlò, nítorí kò sí ilé tó lè se igba ẹja ní alẹ́ kan. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ẹgbẹ́ bá lè yọ ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jáde, tí wọ́n sì ń tà á ní sísè ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ ìpàdé, ojú alájàpá yóò rí i pé ẹja yín ní ibòmíràn tó lè gbà. Ẹni tó ní ibòmíràn tó lè gbà, ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà nájà.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló mọ iṣẹ́ náà jù, àwọn ni kí ẹ fi ṣe olórí rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ọkùnrin ló ń gba owó tí obìnrin sì ń fẹ́ iná. Kí ẹgbẹ́ ra fọ́ìlì ní páálí àti èédú ní àpò, bí ẹ ti ń jọ ra ajílẹ̀. Kí ẹ gba orúkọ àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ ṣáájú, kí ẹ má baà pa ẹja tí kò ní olúwa. Kí ìwé wà, tí a kọ iye ẹja tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú wá sí, iye kílò rẹ̀ kí a tó yọ ìfun, iye ìdì tí ó jáde, iye tí a tà àti iye tí a ná. Ẹ má gbàgbé pé ẹja kílò kan kò ní wọn kílò kan mọ́ tí a bá yọ ìfun rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni tó mú ẹja wá àti ẹni tó sè é. Èrè tó bá ṣẹ́kù, kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ẹja tí oníkálukú mú wá lẹ́yìn tí a bá ti san owó iṣẹ́ àwọn tó sè é. Òfin yìí kì í ṣe tuntun, òun ni àwọn ahunṣọ Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pín èrè ilé ìtajà wọn láti 1844.

Ìmọ́tótó kò ṣeé fi ṣeré. Pákó tí a fi gé ẹja tútù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a gbé ẹja jíjinná lé. Kí ẹja kúrò lórí iná lọ sọ́wọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, kí èyí tí a kò tà má sì ju wákàtí méjì lọ níta. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí àwọn tó sè é jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má gbóná rẹ̀ tà lọ́jọ́ kejì, nítorí ẹnìkan tí inú bá run lẹ́yìn tó jẹ ẹja ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni ọjà yóò dárúkọ.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ́kọ́ fi ẹja kan ṣoṣo dán an wò nílé rẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n sè, kí ó gbé ìdì méjì wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú ewé lásán, ọ̀kan nínú ewé àti fọ́ìlì, kí àwọn tó wà níjókòó tọ́ méjèèjì wò kí wọ́n tó dìbò lórí owó páálí àkọ́kọ́.